Ọ̀bẹ Kì í Mú Kí Ó Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀: Bí A Ti Ń Kọ́ Igbákejì Oníṣẹ́ Abẹ

Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àfi bí ẹni pé yàrá iṣẹ́ abẹ ni àwọn àgbà ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, nítorí pé bí dókítà oníṣẹ́ abẹ ti lè mọṣẹ́ tó, bí òkìkí rẹ̀ ti lè kàn dé Ìbàdàn àti Èkó, ọwọ́ méjì náà ni Ẹlẹ́dàá fún un, iṣẹ́ tí ń bẹ lórí tábìlì a sì máa ju agbára ọwọ́ méjì lọ. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá di ọ̀bẹ mú, tí òsì sì di ẹ̀mú, ta ni yóò fa ẹran ara sẹ́yìn kí ojú lè rí ọ̀nà? Ta ni yóò nu ẹ̀jẹ̀ tó bo ojú ọgbẹ́? Ta ni yóò gé òwú nígbà tí dókítà bá ta kókó tán? Ẹni tó dúró ní òdìkejì tábìlì láti ṣe gbogbo èyí ni igbákejì oníṣẹ́ abẹ, bí a sì ti ń kọ́ ọ níṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan àwa ọmọ Ìgbómìnà gbọ̀ngbọ̀n.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan ara rárá. Yóò fọ ọwọ́ láti orí ìka dé ìgúnpá, yóò sì gbé ọwọ́ náà sókè kí omi lè máa ṣàn lọ sí ìhà ìgúnpá. Ọ̀tún ní í wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi ń mọ́, ṣùgbọ́n nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ tó ti mọ́ kò gbọdọ̀ fara kan ohunkóhun tí a kò tíì pa kòkòrò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ ìbọ̀wọ́, ohun tó jẹ́ pé nítorí olùrànlọ́wọ́ gan-an ni ó fi wọ tíátà ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà: ní nǹkan bí ọdún 1889, oníṣẹ́ abẹ William Halsted ní kí ilé iṣẹ́ Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún nọ́ọ̀sì rẹ̀, Caroline Hampton, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń wẹ ọwọ́ ti ń ba awọ ara rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tí ìbọ̀wọ́ bá ti wọlé ni igbákejì yóò fi oògùn nu awọ aláìsàn, láti ibi tí wọn yóò là lọ sí ẹ̀gbẹ́, gọ́ọ̀sì tó bá sì ti dé ẹ̀gbẹ́ kò gbọdọ̀ padà sí àárín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo aboyún kan tí ó rọbí títí tí ọmọ kò wálẹ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e láti Èsìẹ́ dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán lóru. Bí dókítà bá ti la ikùn dé ilé ọmọ, igbákejì ni yóò fi irin pẹlẹbẹ fa àpò ìtọ̀ kúrò lọ́nà kí ọ̀bẹ má baà kàn án. Òun ni yóò fi ẹ̀rọ fa omi àti ẹ̀jẹ̀ kúrò. Nígbà tí ọwọ́ dókítà bá sì ti wà lábẹ́ orí ọmọ, òun ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òkè ikùn ìyá, ní ìwọ̀n tó yẹ, kí ọmọ lè jáde. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ kí dókítà tó ṣe tán, ewu ni. Bí ó bá sì fi falẹ̀, ewu ni. Bí irin bá dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, dókítà kò ríran mọ́. Bí ó bá sì fà á kọjá ààlà, ẹran ara tó yẹ kó sàn yóò ṣèṣe. Ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ gbọọrọ kọ́ nìyí: kí ọwọ́ mọ ohun tó kàn kí ẹnu tó sọ ọ́.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà débẹ̀. Èkíní ni ti dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè, tí yóò fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, tí yóò gba ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀ka aboyún kọjá. Bí ó bá sì fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ gan-an, yóò wọ ẹ̀kọ́ gígùn lábẹ́ ẹgbẹ́ bíi West African College of Surgeons, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ láti ọdún 1960, níbi tí yóò ti máa kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́tọ̀, èyí tó bá ẹlòmíràn ṣe lọ́tọ̀. Èkejì ni ti nọ́ọ̀sì, tí yóò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, tí yóò tún padà sí ilé ẹ̀kọ́ fún ẹ̀kọ́ pàtàkì ti tíátà, irú èyí tí ń bẹ ní UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tí a ṣí ní 1957. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ orúkọ irin kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀, tí yóò sì kọ́ láti máa ka gọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a tó dí ikùn, àti nígbà tí a bá rán awọ tán, kí ohunkóhun má baà ṣẹ́kù sínú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ẹ̀kọ́ láti máa gbé irin fún dókítà yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ láti máa bá a fa ẹran ara, bẹ́ẹ̀ ni ní ilé ìwòsàn kéékèèké, ẹnìkan náà ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó ṣe méjèèjì. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ: Surgical First Assistant. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tíátà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àjọ ìlera, kí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn lé e, kí àgbà tó ń ṣọ́ ọ jẹ́rìí pé ọwọ́ rẹ̀ ti tó. Mímọ ààlà wà nínú ẹ̀kọ́ náà: ojú dókítà ni yóò ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé olùrànlọ́wọ́ kò já mọ́ nǹkan, kí ó rántí Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àìrówó kò jẹ́ kí ó lọ sí yunifásítì. Òun ni ó fi ara ajá dán iṣẹ́ abẹ ọkàn kan wò títí ó fi mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tó sì di ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1944, tí oníṣẹ́ abẹ Alfred Blalock fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà fún ọmọ kékeré kan tí ara rẹ̀ ń dúdú nítorí àìsàn ọkàn, Blalock ní kí Thomas dúró lórí àpótí lẹ́yìn òun, kí ó máa tọ́ òun sọ́nà bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ọdún 1976 ni yunifásítì Johns Hopkins tó fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Ọgbọ́n ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ìdánimọ̀ ni ó pẹ́.

Àìní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ káàkiri ayé: ní 2015, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ pé bílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ni kò rí iṣẹ́ abẹ tó péye gbà nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò ká ọwọ́ gbera: láti 2011 ni ìjọba Sierra Leone àti ẹgbẹ́ CapaCare ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ní iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì, títí kan iṣẹ́ abẹ aboyún. Nàìjíríà náà gbé ètò iṣẹ́ abẹ kalẹ̀ fún 2019 sí 2023, wọ́n sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sínú rẹ̀ gan-an, ohun tó fi hàn pé àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé dókítà nìkan kò lè dá a ṣe.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Dókítà wa tó wà ní ìgbèríko Ìgbómìnà, bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni oníṣẹ́ abẹ lóru, kò sí dókítà kejì tí yóò dúró ní òdìkejì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni yóò dúró níbẹ̀. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, tí wọ́n ti fi owó àti ọwọ́ kọ́ ilé fún ìlera, ó tó àkókò tí wọ́n á máa rán nọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta láti ilé wa lọ sí ẹ̀kọ́ tíátà, lórí àdéhùn pé wọn yóò padà wá sìn ní Òmù-Àrán àti agbègbè rẹ̀. Kí ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin, tó ti wà láti 1980, gbà wọ́n láàárín àwọn àgbà fún ìgbà díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìwé tí a ó fi máa kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara sì fún iṣẹ́ náà ní orúkọ, ìwé ẹ̀rí àti owó oṣù tirẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì náà, ọwọ́ mẹ́rin ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé, kò sì tọ́ kí méjì nínú wọn jẹ́ ọwọ́ ẹni tí a kò kọ́.