Àgádágodo Ta Ni A Fi Ti Èsì?

Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ṣe àrokò ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i. Ṣùgbọ́n bí àrokò náà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ó mọ èdè rẹ̀, àṣírí ti tú nìyẹn. Àìmọ̀kan ẹni tí ń gbé e ni gbogbo ààbò rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóde òní kò lè gbára lé irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò lálẹ́ òní ni bí kọ̀ǹpútà olùpèsè ṣe ń sọ èsì tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ di àdìtú.

Ẹ jẹ́ kí á fi iṣẹ́ tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan fẹ́ mọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà àwọn tí ó ṣètò ìdánwò. Ìbéèrè náà lè má ju nọ́ńbà ìdánwò lọ. Èsì ni ó gbé orúkọ, ọjọ́ ìbí àti máàkì dání. Síbẹ̀, ó rọrùn fún alámòójútó láti ti ìbéèrè pa, kí ó sì rò pé èsì náà ti bọ́ sábẹ́ ààbò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀tọ̀ ni ètò ìlọ, ọ̀tọ̀ ni ètò àbọ̀.

Bí ẹnì kan bá bi wá pé, ‘TLS tí ń dáàbò bo íntánẹ́ẹ̀tì kò ha tó bí?’, ìdáhùn wa ni pé ojú ọ̀nà láàárín kọ̀ǹpútà méjì ni TLS ń ṣọ́. Bí kọ̀ǹpútà alárinà bá wà, tí TLS sì parí sọ́dọ̀ rẹ̀, ìwé náà yóò ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Nítorí irú èyí ni àjọ W3C ṣe gbé ìlànà XML Encryption jáde ní 2002, tí àjọ OASIS sì fi WS-Security tẹ̀ lé e ní 2004. Ìwé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tì, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tì í? Ẹ ronú nípa àgádágodo àti ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tẹ àgádágodo tí ó ṣí sílẹ̀ pa, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò lè ṣí i. Irú ẹ̀dá méjì bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n RSA, tí Rivest, Shamir àti Adleman tẹ̀ jáde ní 1978. Àgádágodo di ti gbogbo ayé. Ọmọ rẹ̀ di ohun ìkọ̀kọ̀. Bí a bá ń béèrè, àgádágodo olùpèsè ni a fi ń ti ìbéèrè. Bí olùpèsè bá wá fi àgádágodo kan náà ti èsì, òun nìkan ni yóò lè ṣí i! Àgádágodo oníbéèrè ni ó gbọ́dọ̀ lò. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí.

Nítorí pé RSA kò yá nídìí iṣẹ́ ńlá, olùpèsè yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ AES tuntun fún èsì kọ̀ọ̀kan, yóò fi ti ara ìwé, yóò sì fi àgádágodo oníbéèrè ti kọ́kọ́rọ́ náà sí orí ìwé.

Ọ̀nà méjì ni olùpèsè lè gbà rí àgádágodo oníbéèrè. Bí àwọn oníbéèrè kò bá pọ̀, alámòójútó lè kó ìwé-ẹ̀rí wọn sínú àpótí kọ́kọ́rọ́ olùpèsè. Bí wọ́n bá pọ̀, kí olúkúlùkù fi òǹtẹ̀ lu ìbéèrè rẹ̀, kí ó sì fi ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú rẹ̀; olùpèsè yóò fi ìwé-ẹ̀rí náà ti èsì. Nínú Apache WSS4J, ‘useReqSigCert’ ni a ń kọ sí ipò orúkọ ẹni tí a ń ti èsì fún. Àmọ́ olùpèsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí náà, kí olè má baà gbé àgádágodo tirẹ̀ wá.

Ohun méjì ni ó kù. Èkíní, kí a ṣètò kọ̀ǹpútà oníbéèrè kí ó kọ èsì tí a kò tì. Bí ó bá ń gba èyí tí a tì àti èyí tí a kò tì, àṣìṣe olùpèsè kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Èkejì, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 2011, Tibor Jager àti Juraj Somorovsky ní Bochum, ní Jámánì, fi hàn pé ọ̀nà CBC tí XML Encryption ń lò lanu: wọ́n ń yí àdìtú padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí ń tú u, wọ́n sì ń ti ara àṣìṣe tí ẹ̀rọ náà ń kéde mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, láìní kọ́kọ́rọ́. Ìlànà 1.1 tí ó jáde ní 2013 fi AES-GCM kún un, èyí tí í mọ̀ bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan ìwé. Òun ni kí a yàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbàkígbà tí a bá fi irú iṣẹ́ yìí lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe bi ara yín pé, ‘Ǹjẹ́ a ti tì í?’ nìkan. Ẹ bi ara yín pé, ‘Ọwọ́ ta ni ọmọ àgádágodo rẹ̀ wà?’ Ó dìgbà kan ná.