Ìdí Ọkọ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò, Kí A Tó Wo Ọ̀dà Ara Rẹ̀

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí àwọn baba wa ti wí nípa ilé nìyẹn, àwa sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà bá ọkọ̀ mu pẹ̀lú. Ní ìgbèríko wa yìí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè títí dé etí ọ̀sà ní Ogun Waterside, kì í ṣe ohun tuntun mọ́ pé kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ìjọ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ dá owó jọ, kí wọ́n ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo, kí wọ́n sì fà á lé wẹ́dà àti káfíńtà lọ́wọ́. Wọn a sọ òmíràn di ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Wọn a sọ òmíràn di ilé ìwòsàn alágbèéká. Wọn a sì tẹ́ ibùsùn sínú òmíràn, kí ẹni tí ó ń ti abúlé dé abúlé lè rí ibi sùn bí ilẹ̀ bá ṣú bá a lọ́nà. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì lòdì sí i. Ohun tí a lòdì sí ni kí a máa náwó sí ohun tí ojú ń rí, kí a sì gbàgbé ohun tí yóò gbé e.

Kò tíì pẹ́ tí àwa tìkára wa rí ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ni wọ́n yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn láti rà á. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, tìmùtìmù wà lórí ìjókòó, ibùsùn méjì wà lẹ́yìn, a sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ara rẹ̀ gàdàgbà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lùlù, wọ́n jó. Òjò ọdún náà kò tíì dá tí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè kò tú irú rẹ̀ rí. Wọ́n wá ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ náà kiri Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wá a dé ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin, wọn kò rí i. Orí òkúta mẹ́rin ni a bá ọkọ̀ náà lẹ́yìn ilé kan, adìẹ sì ń yé sórí ibùsùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ kò tíì tán. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù àwọn olùkọ́ náà.

Àwọn baba wa kì í ra ọkọ̀ báyìí. Ní ayé bọ̀lẹ̀kájà, ẹni tí ó bá fẹ́ ní lọ́rì kì í ra odindi rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹ́ńjìnnì, táyà, àti egungun ìdí ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣásí ni yóò rà. Àwọn káfíńtà wa ni yóò fi pákó inú igbó wa kan ilé lé e lórí, akunọ̀dà yóò sì kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹni tí ó ní owó ni pé: orí ìdí wo ni a ó kan pákó yìí lé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn yan Bedford, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ Vauxhall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Luton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1931. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n torí rẹ̀ yàn án. Wọ́n yàn án nítorí pé ó lè ru ẹrù, àti nítorí pé àwọn tí ó mọ bí a ti ń tú u, tí a sì ń tò ó padà, kò jìnnà sí wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí Mercedes 911 ti ilẹ̀ Jámánì dé. Ìdí rẹ̀ ni a kan irin lé tí ó di mólùè ní Èkó. Ìdí kan náà ni ó di agbégilódò tí ń ru gẹdú jáde nínú igbó Ìjẹ̀bú. Ara ọkọ̀ a máa gbó, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí rere a sì máa bẹ níbẹ̀.

Kí ni kí àwa tí a ń ra ọkọ̀ lónìí wò? Èkíní ni egungun. Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó wà. Ọ̀kan ní egungun ìdí lọ́tọ̀, irin gígùn méjì tí a fi irin kúkúrú so pọ̀ bí àkàbà, tí a sì gbé ara lé lórí. Irú lọ́rì nìyẹn. Èkejì dà bí ìjàpá: ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Irú Toyota Hiace nìyẹn. Ẹni tí ó bá gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ irú ọkọ̀ yìí, tàbí tí ó gé òrùlé rẹ̀ láti gbé e ga, egungun ni ó ń gé. Àfi kí ó fi irin mìíràn dá agbára tí ó yọ kúrò padà. Bí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe bá gba gígé púpọ̀, ọkọ̀ tí egungun rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀ ni kí a wá.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò yìí. Lára ọkọ̀ ni a ti máa ń rí irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí a kọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà, àti ẹrù àti èrò, kò gbọdọ̀ kọjá sí. Kí a sọ pé 3,500 kílò ni ó wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ òfìfo sì jẹ́ 2,100 kílò: 1,400 ni ó kù. Bí pákó, irin, ìjókòó àti ibùsùn bá gba 500, ó ku 900. Ènìyàn 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 70 kílò, ti di 980. Ọkọ̀ náà ti ru ju agbára rẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò kan wọ inú rẹ̀! Bí a bá tún gbé àgbá omi kan tí ó gba 200 lítà sí i, 200 kílò mìíràn ni. Bíréèkì àti táyà ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Àwọn èrò ni yóò tẹ̀lé wọn.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ọkọ̀ ti wá. Ní ilẹ̀ òtútù, wọn a máa da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà a máa jẹ irin ìdí ọkọ̀, ọ̀dà tuntun a sì bo ojú ìpáàrà. Ẹ tẹríba wo abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì fi òòlù kékeré kan irin rẹ̀ wò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò títí di òní. Bí ọkọ̀ bá ti ibẹ̀ wá, ẹnì kan ti ṣí sítíárìn rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ta ni ó ṣe é, báwo ni ó sì ti dè é?

Ẹ̀kẹrin ni ẹ́ńjìnnì. Òtútù ni kí ẹ bá a, kí ẹ tó ní kí wọ́n ṣí i; ẹni tí ó ti mú un gbóná dè yín lè ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ẹ wo èéfín rẹ̀. Èéfín dúdú ń sọ pé epo kò jó tán. Èéfín aláwọ̀ aró ń sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń bá epo jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ omi tí ń wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò sí lára ọkọ̀ rárá: ta ni yóò tún un ṣe? Àwọn kan yóò wí pé ọkọ̀ ìgbàlódé ni ó dára jù, pé kì í mu epo púpọ̀, pé ìrìn rẹ̀ sì dẹ̀. A kò jiyàn. Bí ó bá jẹ́ ìgboro Èkó ni yóò máa gbé, tí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò sì wà nítòsí, kí wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísù ìgbàlódé kò fẹ́ epo tí ó ní omi tàbí ìdọ̀tí nínú. Ọkọ̀ tí yóò gbé nọ́ọ̀sì lọ sí abúlé tí ó wà lẹ́yìn Àbígí tàbí Ìwópin nígbà òjò, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè nípa rẹ̀ ni bí mẹkáníìkì àdúgbò yóò ti lè tún un ṣe, kí aláìsàn má baà máa retí rẹ̀ títí. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a lọ bá mẹ́ta nínú àwọn mẹkáníìkì ìlú wa, kí a dárúkọ ọkọ̀ náà fún wọn, kí a sì bi wọ́n léèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tú u àti ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀yà rẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mi orí, kí a kó owó wa padà sílé.

Nítorí náà, a ń rọ gbogbo ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí pé kí wọ́n mú mẹkáníìkì kan àti wẹ́dà kan lọ, àwọn tí kò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Kí wọ́n fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀. Kí wọ́n pín owó sí ọ̀nà méjì kí wọ́n tó jáde nílé, kí wọ́n má sì fi owó ìdí ọkọ̀ ra tìmùtìmù. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú, bí aṣojú yín bá ṣe ìlérí ọkọ̀ fún ìlú, tàbí tí ó fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ ní gbangba, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Owó ìlú ni.

Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwọn olùkọ́ tí a sọ ìtàn wọn lókè yìí ṣì ń san owó ọkọ̀ tí kò lè rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyà wọn jẹ́ àjẹgbé.