Iná, Òòfà àti Ìsoríkọ́

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Akaka dé Ìsarà títí wọ Ṣágámù, bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n gbé ẹnì kan lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta, kò ní pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ ọ́ pé, “Wọ́n á fi iná gbé e níbẹ̀.” Bí ẹni pé ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́. Iná mànàmáná wà lóòótọ́, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn ọpọlọ ni wọ́n ń lò ó fún. Ọ̀nà mìíràn tí kò nílò gìrì, tí kò sì nílò oorun àkùn, ti yọjú pẹ̀lú. Òòfà ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Àìsàn kan tí wọ́n ń fi méjèèjì wò ni ìsoríkọ́. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ mélòó kan tó ń bá ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: oorun á dá lójú, oúnjẹ ò ní wuni í jẹ, iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ọwọ́ òsì ṣe tẹ́lẹ̀ á di òkè, a sì máa ṣe onítọ̀hún bíi pé òun ò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ṣe lè má sọ pé inú òun bàjẹ́ rárá. Yóò ní orí òun gbóná, yóò ní nǹkan ń rìn kiri nínú orí òun, yóò ní àyà òun ń já. Ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pè é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola sì kọ̀wé ìwádìí lé e lórí lọ́dún 1987. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà òyìnbó kan ń sọ pé ìsoríkọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Adéoyè Lámbò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro lọ́dún 1954, kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí lọ sí àwọn abúlé tó yí Abẹ́òkúta ká, wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ọ̀kan-ò-jọ̀kan. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1963: àmì ìsoríkọ́ wà níbẹ̀ dáadáa.

Iná ni ká kọ́kọ́ mú. Láti ọdún 1934 ni Ladislas Meduna, dókítà ará Hungary, ti ń fi oògùn fa gìrì sí àwọn aláìsàn ọpọlọ lára, tí ara àwọn kan nínú wọn sì ń yá. Ugo Cerletti àti Lucio Bini wá fi iná rọ́pò oògùn náà ní Róòmù lọ́dún 1938. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyí: kì í ṣe iná gan-an ló ń woni, gìrì ni. Iná kàn ń jí gìrì náà dìde ni.

Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, aláìsàn kò ní jẹun láti òru mọ́jú. Bó bá ní eyín àtọwọ́dá, yóò yọ ọ́. Dókítà tó ń kunni lóorun á gún un lábẹ́rẹ́, yóò sùn. Abẹ́rẹ́ kejì á dẹ gbogbo iṣan ara rẹ̀, kí gìrì má baà gbé e jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ti rọ̀ tán, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé gìrì ti dé? Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo gba tiẹ̀ gidigidi. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ kejì, wọ́n á ti fi bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan le, kí oògùn má lè dé àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni yóò máa gbọ̀n, dókítà á sì máa fojú sí aago. Wọ́n á ti fi rọ́bà sáàárín eyín rẹ̀, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa irin pẹlẹbẹ méjì, wọ́n á gbé e lé ẹ̀bátí rẹ̀, iná á kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Gìrì náà kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ọ́síjìn sì ń wọlé sí i nímú ní gbogbo àkókò yẹn. Bó bá jí, orí lè máa fọ́ ọ, ó sì lè má rántí bó ṣe dé yàrá náà.

Ìgbà 6 sí 12 ni wọ́n sábà ń ṣe é, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìrántí ló máa ń bá lọ jù: ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè parẹ́, ti àwọn mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí dókítà fojú kéré. Síbẹ̀, fún ẹni tí ìsoríkọ́ ti dè mọ́lẹ̀ débi pé kò jẹ, kò mu, tàbí tó ń wá bí yóò ṣe pa ara rẹ̀, ìtọ́jú tó yára tó o tó sì dájú bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí àwọn olùwádìí kó jọ lọ́dún 2017, ikú tó bá a rìn jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 100,000 ìgbà tí wọ́n ṣe é.

Níbo wá ni ìbẹ̀rù ti wá? Láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún láìkùn wọ́n lóorun ni. Gbogbo ara ló ń gbọ̀n nígbà yẹn, egungun sì lè ṣẹ́. Lọ́dún 2005, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dókítà Nàìjíríà fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn kan, nítorí pé àwọn dókítà tó ń kunni lóorun ò tó. Nítorí náà, àwọn tó ń bẹ̀rù ò bẹ̀rù lásán.

Ó ku òòfà. Michael Faraday ló fi hàn lọ́dún 1831 pé bí agbára òòfà bá ń yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, iná á ṣàn nínú wáyà náà. Ohun tí tiransífọ́mà àdúgbò yín fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé wáyà bàbà tí wọ́n ká sókè orí èèyàn, wọ́n tan iná sí i fírí, ọwọ́ onítọ̀hún sì ta. Egungun agbárí kì í jẹ́ kí iná kọjá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí òòfà lọ́nà.

Mark George, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló ronú pé ó lè wúlò fún ìsoríkọ́. Àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ti ń yà fi hàn pé apá iwájú ọpọlọ àwọn oníìsoríkọ́ kì í ṣiṣẹ́ tó, nígbà tí ibì kan tó jìn sínú ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn méjèèjì so mọ́ra. Òòfà ò lè dé ibi tó jìn yẹn, ṣùgbọ́n ó lè dé iwájú, lápá òsì, kí iwájú sì bá a bá inú wí. Lọ́dún 1995, George tẹ àbájáde jáde lórí aláìsàn 6 tí oògùn ò ràn. Ara méjì nínú wọn yá gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dùn ún wò. Dókítà á máa sún wáyà náà, tó dà bíi nọ́ńbà 8, káàkiri orí títí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún yóò fi ta pọ́n-ún. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ iye agbára tí orí ẹni yìí nílò, nítorí pé orí ò dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ní ti àkọ́kọ́bẹ̀rẹ̀, yóò sún un síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 5, yóò sì bẹ̀rẹ̀: lílù 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fún ìṣẹ́jú àáyá 4, á sinmi fún 26, á tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi pé 3,000. Ó ń gba ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀. Ojú aláìsàn là kalẹ̀, ó di etí rẹ̀ nítorí ariwo, awọ orí lè máa ta á. Gìrì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí irin wà nínú orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Nínú ìwádìí tí George darí, tó jáde lọ́dún 2010, aláìsàn 190 ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n lo òòfà gidi fún apá kan, wọ́n lo ayédèrú tó ń pariwo lásán fún apá kejì. Àìsàn náà lọ pátápátá lára 14.1% nínú àwọn ti òòfà gidi, àti 5.1% nínú àwọn ti ayédèrú. Ó ju ayédèrú lọ, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2008.

Ohun tó ká mi lára jù nípa òòfà ni ojú ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kí ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì máa wọkọ̀ láti Akaka lọ sí Abẹ́òkúta lójoojúmọ́ fún oṣù kan, ta ni yóò san owó ọkọ̀? Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tó jáde lọ́dún 2018, fi ṣe pàtàkì. Lára aláìsàn 414, lílù tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 kò rẹ̀yìn sí ti ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀. Ní Stanford, Nolan Williams àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo ìtọ́jú náà sínú ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Aláìsàn 29 péré ló wà nínú ìwádìí wọn, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ dára débi pé ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2022. Irú èyí ló lè wúlò fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é. Bí ẹni yín bá ti ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù tàbí sí Aro. Oògùn àti ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi tọ́jú ọ̀pọ̀. Bí wọ́n bá wá dárúkọ iná, ẹ má sá. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: ta ni yóò kùn ún lóorun, ìgbà mélòó sì ni wọn yóò ṣe é?