Iná ọyẹ́ jó ilé yín? Ẹ má tíì pe bíríkìlà

Nínú ọyẹ́ èṣí ni iná ìgbẹ́ jó ilé ìyá mi nítòsí Ìsẹ́yìn. Ẹnì kan ló ń sun oko, atẹ́gùn gbé iná náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, òrùlé ti wó, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti di eérú. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, Màámi ti ń wá bíríkìlà. Èmi ni mo ní kó ṣe sùúrù. Ẹ gbọ́ ohun tójú wa rí kọ́.

Àkọ́kọ́ ni eérú. Eérú ilé yàtọ̀ sí eérú igi o. Ọ̀dà àtijọ́, wáyà, bátìrì àti ike ló jóná níbẹ̀, májèlé wà nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé débẹ̀. Ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó kó o. Tó bá jẹ́ pé asbestos ni wọ́n fi ṣe sílìn, ẹ má fọ́ ọ, torí eruku ẹ̀ máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bo kànga pẹ̀lú, kí àgbàrá má gbé eérú wọ inú ẹ̀.

Èkejì ni ògiri. Pé ògiri ṣì dúró ò sọ pé ó ṣì lágbára. Tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 300°C, agbára kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹ fi òòlù kàn án: tó bá ń dún bí ìkòkò tó ti là, ẹ fura. Bíríkìlà ní òun á kàn rẹ́ ojú ibi tó sán. Ẹnjiníà tá a pè ní rárá, ó fi irin tó ti yọ síta lókè fèrèsé hàn wá. Ògiri méjì la wó. Màámi sunkún, torí ọwọ́ bàbá mi ló mọ wọ́n. Àmọ́ ta ló fẹ́ sùn lábẹ́ ohun tó lè wó lù ú? Páànù tó jóná náà, ẹ má tún un lò, kò ní pẹ́ dípẹtà.

Ẹ̀kẹta ni ọgbà. Ẹ má kánjú gé igi. Ẹ fi ọ̀bẹ họ èèpo ẹ̀ díẹ̀: tí abẹ́ ẹ̀ bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ó ṣì wà láàyè. Máńgòrò wa yè, ìbẹ́pẹ ò yè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń hù padà láti ìdí, torí abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí ẹ̀ wà. Ọ̀pẹ náà sábà máa ń yọ mọ̀rìwò tuntun. Eérú igi díẹ̀ dáa fún ilẹ̀, tó bá pọ̀ jù, á ba ewébẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí eérú ilé dà sí, ẹ gbẹ́ ojú ilẹ̀ ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ sì gbin ẹ̀fọ́ síbòmíì.

Ní báyìí, yàrá méjì ló ti parí, ẹ̀kẹta ń dúró de owó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ ti so. Kí ọyẹ́ míì tó dé, Màámi ti ro gbogbo àyíká ilé mọ́ féfé, kò sí koríko gbígbẹ kan tí iná á fi rọ́nà wọlé. Ẹ̀yin náà, ẹ pe àwọn ará ilé lónìí, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ro tiwọn.