Oyè àti Àṣẹ: Bí Ènìyàn Ṣe Ń Di Olùkọ́ àti Olùwádìí Ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ti Ìjọ Àgùdà ní Yunifásítì

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀nà ti là fún un láti máa kọ́ni ní yunifásítì. Nínú ìmọ̀ bí ìtàn, ìṣirò tàbí ẹ̀kọ́ nípa èdè, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí Ìjọ Àgùdà ṣe ń kọ́ ọ, oyè nìkan kò tó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́. Èkíní ni oyè tí ó fi hàn pé ó mọ iṣẹ́ náà. Èkejì ni àṣẹ tí ó fi hàn pé Ìjọ gbà kí ó máa kọ́ ọ. Ọmọ oyè lè mọ ìtàn ìlú láti ìpilẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bí àwọn afọbajẹ kò bá fọwọ́ sí i, kò lè gorí ìtẹ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni ibi tí oyè àti àṣẹ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oyè bá wà tí àṣẹ kò sí. Orílẹ̀-èdè Jámánì ni àlàyé yóò dúró lé jù, nítorí pé níbẹ̀ ni ọwọ́ ìjọba, ọwọ́ yunifásítì àti ọwọ́ Ìjọ ti pàdé lórí àga olùkọ́ kan ṣoṣo.

2. Ìpilẹ̀ àṣẹ ìkọ́ni

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ìkọ́ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ìlú Páríìsì, ní nǹkan bí ọdún 1200, kò sí ẹni tí ó lè ṣí kíláàsì láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Ṣáńsẹ́lọ̀ ilé ìjọsìn Notre-Dame. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìyọ̀ǹda náà ní èdè Látìn ni licentia docendi, èyí tí ó túmọ̀ sí àṣẹ láti máa kọ́ni. Àpérò Látéránì Kẹta tí Ìjọ ṣe ní ọdún 1179 ti kọ́kọ́ ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó lórí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, àti pé a kò gbọdọ̀ fi du ẹni tí ó bá tọ́ sí. Òfin yìí fi hàn pé àṣẹ náà ti níye lórí nígbà náà, nítorí pé ohun tí kò níye lórí, ẹnìkan kì í tà á.

Ní ọdún 1215, Robert de Courçon tí ó jẹ́ aṣojú Póòpù ṣe ìlànà pé ẹni tí yóò bá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Páríìsì gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 35, kí ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún 8, ó kéré tán. Thomas Aquinas, ẹni tí Ìjọ kà sí àgbà nínú ìmọ̀ yìí títí di òní, kò tíì pé iye ọdún náà nígbà tí ó gba àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1256, nítorí pé nǹkan bí ọdún 1225 ni a bí i. Ìyọ̀ǹda pàtàkì ni wọ́n fi gbà á wọlé, lójú àtakò àwọn olùkọ́ tí kò fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ onítọrẹ, irú èyí tí Thomas wà, gba àga láàárín wọn. Láti ìpilẹ̀ ni ìmọ̀, ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ àti àṣẹ ti jọ ń du ipò lẹ́nu ọ̀nà àga olùkọ́.

3. Oyè mẹ́ta tí Ìjọ ń fi jẹni

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1979, Póòpù John Paul Kejì gbé òfin kan jáde tí à ń pè ní Sapientia Christiana, láti to ètò àwọn yunifásítì àti fákọ́tì Ìjọ. Òfin mìíràn, Veritatis gaudium, tí Póòpù Francis fọwọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2017, ni ó gba ipò rẹ̀. Ìlànà oyè mẹ́ta kò yí padà nínú òfin tuntun yìí.

Oyè àkọ́kọ́ ni Baccalaureatus. Ọdún márùn-ún ni a fi ń kà á, tàbí ọdún mẹ́ta bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi ọdún méjì ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ṣáájú. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà: Bíbélì, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ẹ̀kọ́ ìwà, ìtàn Ìjọ, ètò ìsìn àti òfin Ìjọ. Oyè kejì ni Licentiatus, tí a ń fi ọdún méjì kà. Ẹ̀ka kan ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò yàn nígbà yìí, yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ oyè yìí kò jìnnà sí licentia ti Páríìsì. Oyè kẹta ni ti ọ̀mọ̀wé. Ìwé àpilẹ̀kọ tí ó fi ohun kan kún ìmọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ fún un. Yóò gbèjà rẹ̀ ní gbangba, yóò sì tẹ apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ jáde, ó kéré tán.

Ìyàtọ̀ láàárín oyè kejì àti ẹ̀kẹta ṣe kókó. Oyè Licentiatus ni a fi ń kọ́ni ní sẹ́mínárì àgbà. Oyè ọ̀mọ̀wé ni a fi ń kọ́ni ní fákọ́tì. Bákan náà, Òfin 817 nínú Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sọ pé yunifásítì tàbí fákọ́tì tí kì í bá ṣe Róòmù ló dá a sílẹ̀ tàbí tí ó fọwọ́ sí i kò lè fi oyè tí ó ní agbára nínú òfin Ìjọ jẹni. Nítorí náà, ẹnìkan lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ayé ń wárí fún, kí oyè rẹ̀ má sì tó láti fi wọ inú fákọ́tì Ìjọ.

Wàhálà èdè tún wà níbẹ̀. A ń retí kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Látìn tó bí yóò ti lè ka ìwé àwọn Baba Ìjọ. Ẹni tí ó bá sì yan Bíbélì láàyò kò lè bọ́ lọ́wọ́ èdè Hébérù àti Gíríìkì. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé ọdún méjì ni àwọn yóò lò lórí oyè kejì, kí èdè tó fi ọdún mìíràn kún un fún wọn.

4. Àṣẹ láti ọwọ́ Ìjọ

Lẹ́yìn oyè ni ọ̀rọ̀ àṣẹ kàn. Oríṣi mẹ́rin ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń da wọ́n pọ̀.

Èkíní ni missio canonica, ìránniníṣẹ́ ti Ìjọ. Ẹni tí yóò bá kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó kan ìgbàgbọ́ àti ìwà ní fákọ́tì Ìjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, kí Ṣáńsẹ́lọ̀ fákọ́tì náà tó rán an níṣẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kì í ṣe àṣẹ ara rẹ̀ ni olùkọ́ náà fi ń sọ̀rọ̀. Jíjẹ́ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Èkejì ni venia docendi, ìyọ̀ǹda fún ẹni tí ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kò kan ìgbàgbọ́ tààrà. Ẹ̀kẹta ni nihil obstat, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ìdènà. Róòmù ni ó ń sọ ọ́ kí olùkọ́ tó gba ipò tí kò ní bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tàbí kí ó tó dé ipò tí ó ga jù. Ẹ̀kẹrin ni mandatum tí Òfin 812 dárúkọ. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga èyíkéyìí, kì í ṣe ní fákọ́tì Ìjọ nìkan.

Kò sí èyí tí ó béèrè pé kí olùkọ́ jẹ́ àlùfáà nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òfin 229 sọ ọ́ gbangba pé ọmọ ìjọ lásán, ọkùnrin àti obìnrin, ní ẹ̀tọ́ láti kẹ́kọ̀ọ́ yìí kí wọ́n sì gba oyè lórí rẹ̀, àti pé wọ́n lè gba àṣẹ láti kọ́ ọ. Òfin 218 náà wà, tí ó fún àwọn olùwádìí ní òmìnira tí ó tọ́ láti wádìí àti láti sọ èrò wọn, bí wọ́n bá ti bọ̀wọ̀ fún àwọn olórí Ìjọ tí ó ni iṣẹ́ ìkọ́ni. Láàárín òmìnira àti ọ̀wọ̀ yìí ni gbogbo ìjà tí ó tẹ̀lé e ti bẹ́ sílẹ̀.

5. Ọ̀nà ti orílẹ̀-èdè Jámánì

Ní Jámánì, inú yunifásítì ìjọba ni ọ̀pọ̀ fákọ́tì ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run wà. Ìjọba ló ń sanwó oṣù olùkọ́. Síbẹ̀ kò lè dá yan ẹnikẹ́ni. Àdéhùn tí Róòmù bá Bàfáríà ṣe ní ọdún 1924, èyí tí ó bá Prussia ṣe ní 1929, àti èyí tí ó bá gbogbo Jámánì ṣe ní 1933 ni ó so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ńlá kejì lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Habilitation ni wọ́n ń pe ìdánwò yìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fákọ́tì yóò ka ìwé náà, wọn yóò gbọ́ àkànṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ẹnu ẹni tí ó kọ ọ́, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè. Bí ó bá yege, ó di ẹni tí ó lè kọ́ni, ṣùgbọ́n kò tíì ní àga. Yóò dúró títí yunifásítì kan yóò fi pè é, tí bíṣọ́ọ̀bù yóò sì sọ pé kò sí ìdènà. Láti ọdún 2002 ni òfin Jámánì ti là ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò fi dandan gba inú Habilitation, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ náà kò parẹ́.

Àpẹẹrẹ Joseph Ratzinger fi ewu inú ètò yìí hàn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Munich ní ọdún 1953 pẹ̀lú iṣẹ́ lórí Augustine. Bonaventure ni ó kọ ìwé kejì lé lórí. Gottlieb Söhngen tí ó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ gba ìwé náà tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n Michael Schmaus tí ó jẹ́ òǹkàwé kejì kọ̀ ọ́. Nígbà yìí, Ratzinger ti ń kọ́ni ní Freising, àwọn òbí rẹ̀ tí ó ti dàgbà sì ti kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá pàdánù ìdánwò yìí, iṣẹ́ àti ilé ni yóò jọ bọ́. Dídá ni fákọ́tì dá ìwé náà padà fún àtúnṣe. Ó gé e kù sí apá tí ó sọ̀rọ̀ lórí bí Bonaventure ṣe lóye ìtàn, ó tún un gbé wá, ó sì yege ní ọdún 1957. Ní 2005, ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà yìí di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún.

6. Nígbà tí Ìjọ bá gba àṣẹ padà

Oyè kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti gbà á; àṣẹ lè bọ́. Hans Küng jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tübingen láti ọdún 1960. Ibẹ̀ náà ni Ratzinger wà láti 1966 sí 1969. Ní 1970, Küng tẹ ìwé kan jáde tí ó bi í léèrè bóyá lóòótọ́ ni Póòpù kò lè ṣìnà nínú ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn àríyànjiyàn ọlọ́dún gbọọrọ, Róòmù kéde ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 1979 pé a kò lè kà á sí olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà mọ́. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì. Nítorí náà, yunifásítì yọ àga rẹ̀ àti ilé ìwádìí rẹ̀ kúrò nínú fákọ́tì Àgùdà, ó sì ń kọ́ni lọ títí ó fi fẹ̀yìntì ní 1996.

Uta Ranke-Heinemann ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó yege Habilitation nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ti Ìjọ Àgùdà, ní ọdún 1969. Ní 1987 ni àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí ó sọ nípa bíbí tí wúńdíá bí Jésù. Òun náà kò fi yunifásítì sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìtàn ẹ̀sìn ni ó kù tí ó ń kọ́.

Ọ̀rọ̀ Charles Curran ní Amẹ́ríkà gba ibòmíràn. Yunifásítì Àgùdà tí ó wà ní Washington ni ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà. Ní 1986, Róòmù sọ pé kò yẹ ní olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìjọ mọ́. Ó pe yunifásítì náà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá yunifásítì láre ní 1989. Yunifásítì mìíràn tí kì í ṣe ti Àgùdà, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó padà gbà á.

Bí a bá fi àwọn mẹ́ta yìí wé ara wọn, ó hàn pé Ìjọ lè gba àṣẹ rẹ̀ padà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n òfin ìlú ni ó ń pinnu bóyá oúnjẹ olùkọ́ yóò bá a lọ. Àwọn tí ó ń gbèjà ètò yìí sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ Ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ẹ̀kọ́ Ìjọ, kì í ṣe èrò ọkàn olùkọ́ nìkan. Àwọn tí ó ń takò ó sọ pé ìwádìí tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì ní ìwọ̀n. Ẹni tí ó sì wà láàárín wọn ni ọ̀dọ́ olùwádìí tí kò tíì ní àga. Ó mọ̀ pé ohun tí òun bá kọ lónìí ni wọn yóò yẹ̀ wò lọ́la, nígbà tí wọ́n bá ń wá ìdènà.

7. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà

Ọ̀nà méjì ni ó wà fún ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀nà ti Ìjọ gba sẹ́mínárì àgbà kọjá, irú èyí tí ó wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn, tí ó so mọ́ Yunifásítì Urbaniana ní Róòmù. Fún oyè tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn kan ń lọ sí òkè òkun, àwọn mìíràn ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Catholic Institute of West Africa tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá sílẹ̀ ní Port Harcourt ní 1981. Ọ̀nà kejì ni ti yunifásítì ìjọba. Láti ìgbà tí Geoffrey Parrinder, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì, ti ń kọ́ni ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ni ibẹ̀ gbájú mọ́, ti ìbílẹ̀, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì. Yunifásítì bẹ́ẹ̀ kì í béèrè àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹsẹ̀ ní ibi méjèèjì, oyè méjì ni yóò máa lé.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ó ti hàn pé oyè ń jẹ́rìí sí ìmọ̀, àṣẹ sì ń jẹ́rìí sí ìfọkàntán. Yunifásítì ló ń fúnni ní ti àkọ́kọ́, Ìjọ ló ni èkejì, ìkankan kò sì lè rọ́pò ìkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí ní láti mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ irú fákọ́tì tí ó ń lé, ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, àti òfin ìlú tí yóò dáàbò bò ó. Fún ọmọ Yorùbá, iṣẹ́ kan tún kù lẹ́yìn oyè àti àṣẹ. Ohun tí ó fi Látìn àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni yóò tún rò ní Yorùbá, kí ìjọ tí ó rán an níṣẹ́ tó lè gbọ́ ohun tí ó rí. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fi oyè jẹni lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn ará ilé yóò ti mọ̀ bóyá ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà yé.