Bí Wáyà Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Ará Ilé

Ní ọdún 2010 ni wáyà kan tí ó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, tí ilé iṣẹ́ MainOne tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun láti ilẹ̀ Pọ́túgà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, àrómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Ibú kò dá a dúró, ìgbì kò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí ojú ń rí nínú ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta: íntánẹ́ẹ̀tì tí òkun Àtìláńtíìkì kò lè dí lọ́nà, ògiri búlọ́ọ̀kù onííǹṣì mẹ́sàn-án tí ó wà láàárín pálọ̀ àti iyàrá ni ó ń dá a padà. Ọmọ tí ó ní kíláàsì lórí kọ̀ǹpútà yóò gbé àga lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn, ìyá rẹ̀ yóò dúró sí ojú fèrèsé kí WhatsApp rẹ̀ tó lọ, baálé ilé tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sì wà lókè yóò máa mú fúláàṣì lọ́wọ́ gun òkè, yóò tún sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi Wi-Fi. Orí afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà, ohun tí ó bá sì gba orí afẹ́fẹ́ kò lè ṣàì bá ohun tí ó wà lójú ọ̀nà pàdé: sìmẹ́ǹtì àti búlọ́ọ̀kù, irin tí wọ́n tò sínú dẹ́kìn, ilẹ̀kùn onírin tí ìbẹ̀rù olè mú wa fi sí ẹnu iyàrá, àti Wi-Fi ará ilé kejì tí ń bá tiwa du ọ̀nà kan náà. Nítorí èyí ni àwọn onílé kan ṣe ń padà sí wáyà, tí wọ́n ń fà á láti pálọ̀ dé iyàrá kọ̀ọ̀kan. Wáyà kì í bá ògiri jà, inú rẹ̀ ni ó ń gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Wi-Fi ni ọmọ tuntun tí ó gba ipò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Orí afẹ́fẹ́ ni ọgbọ́n tí wáyà ilé ń lò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní àwọn erékùṣù Hawaii, kí ó tó wọ inú okùn.

Yunifásítì Hawaii ní ẹ̀ka ní erékùṣù púpọ̀, òkun sì là wọ́n láàárín. Kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wọn fẹ́ máa lò wà ní Honolulu, wáyà tẹlifóònù tí wọn ì bá sì gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ́n, kò tún ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yíjú sí rédíò, nígbà tí ó sì di 1971, ètò wọn tí wọ́n pè ní ALOHAnet ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń pín àkókò fún ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ yóò kàn rán an ni; bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì bá kọlu ara wọn, tí ìdáhùn kò dé, olúkúlùkù yóò dúró fún àkókò díẹ̀ tí kò bá ti ẹnì kejì dọ́gba, yóò sì tún un rán. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀nà ṣòfò, nítorí pé èyí tí ó lè wúlò nínú àyè tí ó wà kò ju nǹkan bí 18 lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìwé tí Abramson kọ lórí ọ̀ràn yìí bọ́ sọ́wọ́ Robert Metcalfe ní 1972, ní àkókò tí ayé kò rọgbọ fún un. Yunifásítì Harvard ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìwé tí ó fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé padà fún un ni, wọ́n ní kò jinlẹ̀ tó. Ibùdó ìwádìí Xerox tí wọ́n ń pè ní PARC, ní Palo Alto ní ìpínlẹ̀ Califọ́níà, tí ó ti gbà á síṣẹ́, ní kí ó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó parí oyè rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ka ìwé Abramson, ìṣirò inú rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wá Hawaii lọ fúnra rẹ̀, ó sì fi àtúnṣe tí ó bá ibẹ̀ bọ̀ kún ìwé tí Harvard wá tẹ́wọ́ gbà ní 1973. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.

Ní PARC, iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń tò sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo, àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe kọ̀ǹpútà Alto, tí olúkúlùkù yóò ní tirẹ̀ lórí tábìlì. Gary Starkweather sì ti ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oní-laser, tí ó lè tẹ nǹkan bí ojú ìwé kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ náà tóbi, ó sì wọ́n, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kí wọ́n gbé ọ̀kan sí iyàrá kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí gbogbo tábìlì tí ọ̀kan kò lè bá èkejì sọ̀rọ̀, kí ni ànfààní rẹ̀? Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1973, Metcalfe kọ ìwé sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n mú ọgbọ́n Hawaii kúrò lórí afẹ́fẹ́, kí wọ́n gbé e wọ inú okùn kan tí yóò gba gbogbo ilé kọjá. Ethernet ni ó pè é. David Boggs, ẹni tí ó mọ rédíò bí ẹni mowó, ni ó bá a kọ́ ọ, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ṣiṣẹ́. Mílíọ̀nù 2.94 bit ni ó ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìwà ọmọlúwàbí ni àwọn méjèèjì fi kún ohun tí Hawaii ń ṣe. Ẹ fojú inú wo ìpàdé àwọn àgbà tí kò ní alága: ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́tí, bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀, yóò mú sùúrù, bí ilé bá pa rọ́rọ́, yóò la ẹnu, bí ẹni méjì bá sì la ẹnu pọ̀, àwọn méjèèjì yóò dákẹ́ lẹ́sẹ̀kan náà, olúkúlùkù yóò dúró fún ìgbà tí kò bá ti ẹnì kejì mu, bí wọ́n bá sì tún kọlu ara wọn, wọn yóò fi kún ìdúró wọn, títí ọ̀nà yóò fi là fún ẹnì kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Èmi kò tíì rí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ní ilẹ̀ wa tí ó ń pa òfin yìí mọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń pa á mọ́ láìsí olórí, láìsí ọlọ́pàá.

Ọ̀ràn ọjà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 1979 Metcalfe fi Xerox sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ 3Com sílẹ̀, ó sì pàrọwà fún Digital Equipment, Intel àti Xerox pé kí wọ́n jọ gbé ìlànà kan ṣoṣo jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ìlànà náà jáde ní 1980, ẹgbẹ́ IEEE, tí ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, sì fọwọ́ sí tirẹ̀, 802.3, ní 1983. IBM gbé Token Ring dìde láti bá a du ọjà, ṣùgbọ́n èyí tí ó dínwó, tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ lè ṣe, ni ó borí.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rí okùn ìgbà náà kò ní gbà pé yóò wọ ilé ènìyàn láéláé. Ó nípọn tó ìka, ó le gbagidi, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ yẹ́lò. Ẹni tí ó bá fẹ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn yóò wá ibi tí wọ́n sàmì sí lára rẹ̀, yóò sì fi ohun èlò eléyín gún awọ rẹ̀ títí eyín náà yóò fi kan bàbà tí ó wà láàárín. Èyí tí ó tínrín tí ó tẹ̀lé e dínwó díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ara kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ni ó ń gbà, bí ẹnì kan bá sì fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ níbì kan, gbogbo ilé dákẹ́.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ará ilé ni ọgbọ́n kan tí ó ti wà láti 1881, nígbà tí Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí lílọ́ wáyà tẹlifóònù méjì mọ́ ara wọn. Bí a bá na wáyà méjì gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ariwo iná tí ó wà nítòsí yóò wọ ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí a bá lọ́ wọn, wọn yóò máa gba ipò ara wọn, ariwo náà yóò wọ méjèèjì ní ọgbọọgba, ẹ̀rọ tí ó wà ní ìpẹ̀kun, tí ó jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ó ń kà, kò sì ní gbọ́ ọ rárá. Ní 1990 ni IEEE fi òǹtẹ̀ lu 10BASE-T, tí ó jẹ́ kí Ethernet máa gba inú irú wáyà bẹ́ẹ̀, mítà 100 fún okùn kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, iyàrá kọ̀ọ̀kan lè ní okùn tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì padà sí àpótí kan láàárín ilé. Ní ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Kalpana gbé súwíìṣì jáde, àpótí tí ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń lọ bá, tí ó sì ń fi í jíṣẹ́ fún ẹni náà nìkan. Òfin ìpàdé àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ nínú ilé mọ́. Nígbà tí ó fi di 1999, wáyà bàbà kan náà ti lè gbé bílíọ̀nù 1 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ fi ọ̀bẹ la awọ wáyà Cat5e, ọ̀kan nínú irú wáyà lílọ́ yìí, ẹ ó bá wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ nínú rẹ̀, tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì: aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ ewé, búlúù àti búráùn, olúkúlùkù pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí ó ní funfun lára. Ẹ wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé lílọ́ wọn kò dọ́gba, ọ̀kan há ju òmíràn lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tí ń lọ nínú ọ̀kan má baà jò sínú òmíràn ni. Oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ kì í tú lílọ́ náà ju ààbọ̀ íǹṣì lọ. Yóò fi ìka na wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, yóò tò wọ́n, ọsàn onífunfun ṣáájú, ọsàn tẹ̀lé e, ewé onífunfun, búlúù, búlúù onífunfun, ewé, búráùn onífunfun, búráùn. Yóò gé orí wọn dọ́gba, yóò tì wọ́n bọ inú orí ike, yóò sì fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kọ́.

Ọjà ni kí ẹ kíyè sí. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, páálí wáyà onímítà 305 méjì lè wà lórí àtẹ kan náà, kí orúkọ ara wọn bára mu, kí owó ọ̀kan sì dínkù jọjọ. Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha bàbà inú rẹ̀: bí ó bá funfun lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò lójú, irú rẹ̀ tètè ń ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, agbára rẹ̀ sì ń tán bí ọ̀nà bá ti jìn. Bí wáyà bá sì fẹ́ jáde kúrò ní ilé ńlá lọ sí bọ́ìsì kọ́tà, ẹ rántí Olúkòso, Jàkúta, ọba tí í fi ààrá sọ̀rọ̀. Kò dìgbà tí ààrá bá sán lu ilé gan-an kí bàbà tí ó wà ní ìta láàárín ilé méjì tó gbé agbára rẹ̀ wọlé jó súwíìṣì, ráútà àti kọ̀ǹpútà. Fọ́nrán dígí ni kí ẹ lò níbẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé, kì í gbé iná.

Kò sẹ́ni tó ní kí a lé Wi-Fi kúrò nílé, ara rẹ̀ ni fóònù gbé. Wáyà tí ó bá dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ ó fi gbé àpótí Wi-Fi kejì síbẹ̀, tí kò ní máa fi ipá la dẹ́kìn kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ni mo fi èyí bẹ̀: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná kí ó tẹ́ páìpù kan lọ́tọ̀ sínú ògiri, kí ó jìnnà díẹ̀ sí páìpù iná, láti iyàrá kọ̀ọ̀kan wá sí ibi kan ṣoṣo tí ráútà yóò wà, kí ó sì ṣe é kí àwọn bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì lówó wáyà, ẹ fi okùn ọ̀rá kan sínú páìpù náà tí ẹ ó fi fà á lọ́jọ́ iwájú. Owó páìpù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ ó ná bí ẹ bá ní láti gbẹ́ ògiri tí ẹ ti kùn ní ọ̀dà.