Kí ni olóògùn gbọ́dọ̀ pa mọ́? Òfin àti àṣírí aláìsàn nílùú tí gbogbo èèyàn ti mọra

Ní Emùré-Èkìtì, ẹni tó ń ta oògùn àti ẹni tó ń rà á lè jọ máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Wọ́n lè jẹ́ àna ara wọn. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá fẹ́ ra oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, á kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn á kúkú wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Adó, níbi tí wọn ò ti mọ bàbá rẹ̀, kó tó yọ ìwé tí dókítà kọ fún un jáde.

Oríṣi ṣọ́ọ̀bù méjì ni aráàlú ń pè ní kẹ́mísítì. Àkọ́kọ́ ni ilé oògùn tí apoògùn tó gboyè ń bójú tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ní yunifásítì, ó ti fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, ó sì ti búra kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Èkejì ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tó gbàṣẹ láti máa ta oògùn ibà, oògùn ẹ̀fọ́rí àti irú wọn nínú páálí tí ilé iṣẹ́ fi dì í. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ò gbọ́dọ̀ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “Dókítà” ni àwọn oníbàárà ń pè é. Irú ṣọ́ọ̀bù kejì yìí ló sún mọ́ àwọn ará abúlé jù.

Ìgbìmọ̀ kan náà, Pharmacy Council of Nigeria, ló ń fún àwọn méjèèjì níwèé àṣẹ. Òfin ọdún 1992 ló gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀. Òfin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2022 ló fún un lórúkọ tó ń jẹ́ báyìí.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa, National Health Act ti 2014, ló sọ ojú abẹ níkòó. Abala 26 rẹ̀ ní ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ àìlera èèyàn, ìtọ́jú tó gbà àti ibi tó ti gbà á, àṣírí ni. Ọ̀nà tí wọ́n fi lè sọ ọ́ síta ò pọ̀: kí aláìsàn fọwọ́ sí i nínú ìwé, kí ilé ẹjọ́ tàbí òfin mìíràn pàṣẹ rẹ̀, kí òbí tàbí alágbàtọ́ béèrè nípa ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ tàbí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé pípa á mọ́ lè kó ìlú sínú ewu ńlá. Òṣìṣẹ́ ìlera tún lè sọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ bá pa wọ́n pọ̀, bó bá jẹ́ fún àǹfààní aláìsàn. Ọkọ tó wá béèrè irú oògùn tí ìyàwó òun rà kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pásítọ̀, tàbí ìyá ọkọ.

Kò wọ́pọ̀ kí olóògùn mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkà tú àṣírí oníbàárà. Ọ̀yàyà ló ń tú u jù. Ọmọdé tó bá rí àgbà gbọ́dọ̀ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Bí olóògùn bá wá pàdé oníbàárà rẹ̀ lọ́jà, tó ní, “Màmá, ẹ kú ọjà o. Ṣé ẹ ń lo oògùn ṣúgà yẹn déédéé?”, inú rere ló fi béèrè, àmọ́ gbogbo ìsọ̀ aláta ti gbọ́. Béèyàn bá kígbe láti orí káńtà pé, “Ta ló ni oògùn àtọ̀sí yìí?”, bákan náà ni. Ìwé gbèsè tún wà níbẹ̀: bí wọ́n bá kọ orúkọ oníbàárà, tí wọ́n kọ oògùn tó gbà láwìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ sórí tábìlì, ẹni tó wá ra panadol náà á kà á.

Ẹ tún wo ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń ka oògùn sí. Wọ́n á fa ìlà sí i lára fún ẹni tí kò mọ̀wé: ìlà kan fún àárọ̀, ìkan fún alẹ́. Ìlà yẹn ò dárúkọ àrùn kankan. Bí wọ́n bá kọ orúkọ èèyàn àti orúkọ oògùn mọ́ ọn, ó ti di ìwé àṣírí nìyẹn, ààtàn kọ́ ló yẹ kó parí sí. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ CVS gbà ní 2009 láti san mílíọ̀nù 2.25 dọ́là fún ìjọba, nítorí ìgò oògùn tí orúkọ oníbàárà wà lára wọn tí wọ́n dà sínú ààtàn gbangba.

Àmọ́ àṣírí kì í ṣe ibi ìsásí fún ọ̀daràn. Apoògùn gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn oògùn tó lè di bárakú, àwọn tí òfin yàn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ lè kọ̀wé sí Pharmacy Council. Ìgbìmọ̀ olùwádìí ló máa kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ apoògùn wò. Bó bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó di ti ìgbẹ́jọ́ ìbáwí, tó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ìṣọ́ra tó ga.

Aláìsàn ló ń jìyà ibi tí àṣírí ò bá ti dájú. Ẹni tó ń lo oògùn HIV tàbí ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń sá fún olóògùn àdúgbò á pa oògùn jẹ lọ́jọ́ tí owó ọkọ̀ kò bá sí. Owó kékeré ló ń tún èyí ṣe: kọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ohùn jẹ́jẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ sì mọ̀ pé ohun tóun bá rí ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé. Oníbàárà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìkọ̀kọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ ọ́,” kó sì dúró títí àwọn tó kù á fi kúrò níbẹ̀.